Ẹ̀rọ Tí Ń Fi Ìmọ́lẹ̀ Gé Pákó àti Àpótí Orí Tábìlì

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù

 

Nígbà tí Akọ̀wé kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ láyé ìsinsìnyí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò máa retí ọ̀rọ̀ aṣọ òfì tàbí ti àdìrẹ, nítorí pé àwọn ni a máa ń yìn nígbàkúùgbà tí a bá péjọ báyìí. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa wọn lónìí. Ohun tí mo gbé wá ni àpótí kékeré tí ẹ ń wò lórí tábìlì Alága yìí, èyí tí a fi pákó pẹlẹbẹ ṣe, tí a ń kó pẹ́ńsù, bírò, ṣọ́ọ̀kì, lẹ́tà àti awò ojú sí. N kò mọ orúkọ kan tí àwọn baba wa fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, àpótí orí tábìlì ni a ń pè é, orúkọ náà sì tó o.

Ó lè jẹ́ pé ẹ ti ń bi ara yín léèrè pé kí ni àlùfáà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún fẹ́ fi àpótí pẹ́ńsù sọ fún àwọn ìjòyè. Mo tọrọ sùúrù yín. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìgbìmọ̀ kan jókòó ní ọdún tí ó kọjá láti gbìmọ̀ pọ̀ bóyá kí a ti ilé iṣẹ́ kàfíńtà pa, níwọ̀n bí a ti ní yàrá tuntun kan tí kọ̀ǹpútà ń darí àwọn irinṣẹ́ inú rẹ̀. Wọ́n ní kí a kó àwọn tábìlì iṣẹ́, ayùn àti òòlù kúrò, kí a sì fi ọ̀wọ̀ dá bàbá kàfíńtà tí ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ padà sílé. Èmi wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ na ọwọ́ mi sókè pé bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí.

Kí n tó sọ ohun tí ó yí mi lọ́kàn padà, ó yẹ kí n ṣàlàyé irú ẹ̀rọ tí mo ń wí. Méjì ni wọ́n. Èkínní ń fi ìmọ́lẹ̀ gé nǹkan. Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ bí ti fìtílà tí ń tàn káàkiri ilé. Ìmọ́lẹ̀ tí a kó jọ sójú kan ṣoṣo ni, tí ooru rẹ̀ sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń jó pákó láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ó ti ń rìn kọjá lórí rẹ̀. Lésà ni wọ́n ń pè é. Theodore Maiman ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tí ó mú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1960. Nígbà tí ó di 1964, Kumar Patel, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, ṣe irú èyí tí ń lo afẹ́fẹ́ carbon dioxide, afẹ́fẹ́ kan náà tí àwa ènìyàn ń mí síta. Irú ti Patel yìí ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí ń gé pákó lónìí, òun náà ni ó sì wà nínú tiwa. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ojú ènìyàn kò lè rí ìmọ́lẹ̀ náà rárá. Iná kékeré tí à ń rí lórí pákó kì í ṣe òun, jíjó tí pákó ń jó ni.

Ẹ̀rọ kejì ń mọ nǹkan ni, gẹ́gẹ́ bí amọ̀kòkò ti ń ká amọ̀ lé orí amọ̀ títí ìkòkò yóò fi ga sókè. Dípò amọ̀, okùn ike ni ó ń yọ́, tí ó ń tò lé ara wọn ní ìpele tín-ín-rín; 3D printer ni àwọn òyìnbó ń pè é, ẹ̀rọ amọnǹkan ni èmi yóò máa pè é. Adrian Bowyer, olùkọ́ kan ní Yunifásítì Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ RepRap ní 2005, tí ó sì fi àwòrán ẹ̀rọ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè ṣe tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni owó ẹ̀rọ náà ti wálẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé èèwọ̀ ni fún aláwọ̀ dúdú láti ṣe irú rẹ̀. Ní Lomé, ní ilẹ̀ Tógò, Afate Gnikou kó àjákù kọ̀ǹpútà àti ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí àwọn ènìyàn ti dà nù jọ, ó sì fi wọ́n to ẹ̀rọ amọnǹkan kan tí ó ń ṣiṣẹ́, ní ọdún 2013. Ibi tí ó ti ṣe é ni WoeLab, ibi iṣẹ́ tí Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀ ní 2012. Lomé kò jìnnà. Ẹni tí ó bá jí ní Èkó lówùúrọ̀ lè sùn níbẹ̀ lálẹ́, bí àwọn aṣọ́bodè bá jẹ́ kí ó kọjá.

Ohun tí ẹ̀rọ méjèèjì fi jọ ara wọn ni pé kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ni ń darí wọn lójú iṣẹ́. Àwòrán ni. A ó ya nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, a ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i, ẹ̀rọ yóò sì ṣe gẹ́lẹ́ ohun tí a yà, yálà ohun tí a yà dára tàbí kò dára.

Ní báyìí, ó kan àpótí. Mo pe akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin jọ, mo ní kí wọ́n kó gbogbo ẹrù orí tábìlì mi sílẹ̀, kí wọ́n sì wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Pẹ́ńsù tí a kò tíì gbẹ́ gùn tó 190 mìlímítà. Ṣọ́ọ̀kì gùn tó 80. Ìwé A4 tí a fi ń kọ lẹ́tà fẹ̀ ní 210, ó sì gùn ní 297. Ẹ wo bí ìwọ̀n ti ń kọ́ni lọ́gbọ́n: bí a bá ṣe ilé tí ó jìn ní 100 fún pẹ́ńsù, pẹ́ńsù yóò yọrí síta, ọwọ́ yóò sì tètè mú un, ṣùgbọ́n bí a bá fi ṣọ́ọ̀kì sínú ilé kan náà, yóò rì sí ìsàlẹ̀, olùkọ́ yóò sì máa fi ìka wá a kiri bí ẹni ń wá owó tí ó bọ́ sínú kòtò. Nítorí náà a dín ìjìnlẹ̀ ilé ṣọ́ọ̀kì kù sí 50. Àwọn nǹkan gíga bọ́ sí ẹ̀yìn, kúkúrú bọ́ sí iwájú, kí ọwọ́ má ba à máa gbé èkejì ṣubú bí ó bá ń nà sí èkínní.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Ó dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé apá ọ̀tún nìkan ni bírò lè wà?” Mo jẹ́wọ́ pé èmi kò rò ó rí ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ni. Nínú kọ̀ǹpútà, ó tó kí a yí àwòrán padà bí ẹni wo ojú rẹ̀ nínú dígí, apá ọ̀tún ti di òsì, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Níhìn-ín ni èrè ẹ̀rọ yìí wà lójú tèmi, ju bí ó ti yára lọ: àwòrán kan lè sìn ènìyàn púpọ̀ láì jẹ́ pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jọ ara wọn. Olùkọ́ tí ó wà ní ìlú mìíràn lè gba àwòrán wa, kí ó yọ ilé ṣọ́ọ̀kì kúrò bí kò bá lò ó mọ́, kí ó sì gé tirẹ̀.

A kọ́kọ́ fi páálí ṣe é, a gé e lọ́bẹ, a sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni a yà á sínú Inkscape, ètò ìyàwòrán kan tí a kì í sanwó rẹ̀. Àpótí náà kò ní ìṣó kankan. Etí pákó kọ̀ọ̀kan ni a gé bí eyín, eyín tí ó fẹ̀ ní 10 mìlímítà, àlàfo tí ó fẹ̀ ní 10, tí eyín ti èkínní yóò sì wọ inú àlàfo ti èkejì bí ìka ọwọ́ méjì tí a há mọ́ ara wọn. Mo ra pákó pílíwúùdù tí a kọ 3 mìlímítà sí lára. Mo kọ 3 sínú àwòrán. A gbé e sínú ẹ̀rọ, ó sì gé e tán kí ìdajì wákàtí tó pé; etí rẹ̀ dúdú, ó sì mọ́ rekete, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́.

Níwájú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn àlejò ni mo ti to àpótí náà pọ̀, nítorí pé mo fẹ́ kí wọ́n rí i. Mo gbé e sókè kí wọ́n lè wò ó. Ó tú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìsàlẹ̀ jábọ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tẹ̀lé e, pẹ́ńsù fọ́n ká sílẹ̀. Àwọn àlejò jẹ́ ọmọlúwàbí, wọn kò rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ìta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni bàbá kàfíńtà wọlé tọ̀ mí wá. Mo rò pé ó ti gbọ́ ohun tí ìgbìmọ̀ ń sọ nípa rẹ̀, ojú sì tì mí. Kò sọ ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀. Ó mú pákó kan nínú àwọn tí ó tú, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá dì í mú létí, ó ń fi ọwọ́ rà á lọ rà á bọ̀.

Ó ní, “Àlùfáà, ẹ má bínú o. Ta ló sọ fún yín pé pákó yìí nípọn tó 3?”

Mo ní, “Bàbá, bí ọlọ́jà ti wí nìyẹn, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára.”

Ó ní, “Èmi kì í gba ọ̀rọ̀ ọlọ́jà gbọ́ lórí pákó. Ọwọ́ mi ni mo ń bi.”

Mo wá kalípà, irin ìwọ̀n tí ó ní ẹnu méjì bí ti akàn. Pákó náà jẹ́ 2.7 ní etí kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2.8 ní etí kejì. Bàbá wá béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, “Ẹ̀rọ yín yìí, mélòó ló ń jẹ?” Kò yé mi. Ó ní, “Ayùn ń jẹ pákó. Ìyẹ̀fun tí ẹ ń rí nílẹ̀ yẹn, ṣé kì í ṣe pákó ni? Bí mo bá fa ìlà, n kì í gé orí ìlà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń gé, ní apá ibi tí a ó sọ nù. Iná yín náà kò lè ṣe kó má jẹ ẹ́.”

Ẹ̀yin ará, mo ti ka ìwé tí ó bá ẹ̀rọ náà wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀, mo sì kà á kọjá bí ẹni ń ka orúkọ àwọn baba ńlá nínú ìwé Kíróníkà. Ní ọjọ́ kejì a dán an wò. A ya pákó kan tí ó gùn ní 100 mìlímítà, a pín in sí 10, a jẹ́ kí ẹ̀rọ gé e, a sì kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jọ, a tẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn. Wọn kò pé 100 mọ́; 98 ni. Mìlímítà 2 ti bá èéfín lọ, èyí ni pé ìmọ́lẹ̀ náà ń jẹ 0.2 ní ojú ọ̀nà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí àpótí mi fi tú wá hàn kedere. Eyín tí mo yà ní 10 jáde ní 9.8, àlàfo tí mo yà ní 10 jáde ní 10.2, àyè ti wà láàárín wọn kí a tó to wọ́n pọ̀. Ojú ihò tí pákó ìpín inú àpótí yóò dúró sí, tí mo yà ní 3, ti di 3.2, pákó tí yóò wọ̀ ọ́ sì jẹ́ 2.7, bí ọmọdé tí ó wọ bàtà baba rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. A sún ìlà ìta eyín kọ̀ọ̀kan síta ní 0.1, kí ìmọ́lẹ̀ lè jẹ tirẹ̀ kí 10 sì kù sílẹ̀. A sì ya ojú ihò ní 2.5 kí ó lè jáde ní 2.7. Iye tí ìmọ́lẹ̀ ń jẹ máa ń yàtọ̀ láti pákó sí pákó àti bí a bá ti yí agbára ẹ̀rọ padà, nítorí náà òfin wa ni pé pákó tuntun kò gbọdọ̀ wọlé láì kọ́kọ́ dán an wò. Àpótí kejì ni ẹ ń wò yìí. Ọwọ́ ni a fi tì í wọ ara rẹ̀, ó sì ń dún bí ó ti ń wọlé. Bàbá wò ó, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n òjò ni a wà yìí. Bí ọyẹ́ bá dé pákó yóò gbẹ, a ó sì wá gúlúù. Ní oṣù December a wá gúlúù.

Ohun kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò, nítorí àwọn tí ó ní ọmọ nílé-ẹ̀kọ́. A kì í fi ẹ̀rọ lésà sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kí a lọ jẹun, nítorí iná ni, ó sì lè ran pákó. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi gé ike PVC, irú èyí tí a fi ń ṣe páìpù omi, nítorí èéfín rẹ̀ ní olóró tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn jẹ́, tí ó sì ń jẹ irin ẹ̀rọ pàápàá. Mo ti rí ibi tí àwọn ọmọ ti fẹ́ fi i gé e nítorí pé ó rọrùn láti rí.

Ní ti ẹ̀rọ amọnǹkan, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. A fi mọ ìgbálẹ̀ kékeré tí awò ojú yóò máa sùn sí ní iwájú àpótí. Ike tí a lò ni PLA, tí a ń fi àgbàdo tàbí ìrèké ṣe, tí ẹ̀rọ ń yọ́ ní nǹkan bí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ó gba wákàtí mẹ́rin, iná mọ̀nàmọ́ná sì lọ lẹ́ẹ̀mejì, a sì kó ìdajì iṣẹ́ dànù lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó parí, mo gbé e sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi láti lọ fi í han ìyàwó mi, mo sì yà sí ilé aláìsàn kan lọ́nà. Nígbà tí mo jáde, ó ti tẹ̀ bí ìda. PLA a máa rọ̀ bí ooru bá ti ń súnmọ́ 60, inú ọkọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn sì lè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó wà níwájú àpótí yìí báyìí, igi ahùn ni. Bàbá kàfíńtà ni ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, kò sì gbà á ju ọ̀sán kan lọ.

Èyí mú mi rántí àwọn agbẹ́gilére wa. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láàárín 1947 sí 1954, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà ní ilé iṣẹ́ ọnà kan lábẹ́ Fadá Kevin Carroll, níbi tí George Bandele, ọmọ Aréògún ti Òsì, ti gbẹ́ igi, tí ó sì kọ́ Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé kí ó tó kú ní 2009. Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére ń ka iṣẹ́ wọn sí: ọ̀nà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Nínú ọ̀nà lílé ni a ti ń fi ẹdùn là á, tí a ń pinnu ibi tí orí yóò wà, ibi tí ẹsẹ̀ yóò wà, àti bí èkínní yóò ti tóbi sí èkejì. Ọ̀gá ni ó sábà máa ń lé ọ̀nà. A lè fi dídán sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́. Nígbà tí mo ro ọ̀rọ̀ yàrá tuntun wa sí èyí, ó yé mi pé ẹ̀rọ tí a rà fún owó gọbọi náà mọ dídán, ó mọ fínfín, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ tí ó lè bá a dọ́gba nínú méjèèjì. Ọ̀nà ni kò lè lé. Ìgbìmọ̀ wa, pẹ̀lú ọwọ́ tèmi lókè, fẹ́ dá ọ̀gá padà sílé kí a sì fi ọmọ iṣẹ́ jẹ olórí.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Èmi kò wí pé kí a ti yàrá ẹ̀rọ pa. Àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ yìí tí wọ́n ti ń wí pé ẹ̀rọ ni yóò pa iṣẹ́ ọnà wa run, inú wọn yóò sì ti máa dùn sí bí àpótí mi ti tú. Ẹni tí kò bá ní àwòrán tí a lè yí padà, tí a sì lè fi ránṣẹ́, yóò máa gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ayé, àwọn tí ń fi ọkọ̀ òkun kó ike wọlé yóò sì máa ta tiwọn fún wa lórí tábìlì ara wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́wọ́ òsì yẹn ti gé àpótí mẹ́fà fún àwọn olùkọ́ ìlú rẹ̀, kò sì sí méjì tí ó bá ara wọn mu. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bàbá kàfíńtà ni ó ti kọ́kọ́ lo oṣù mẹ́ta nídìí ayùn, èmi ni mo sì rán an lọ.

Ìgbìmọ̀ wa yóò tún jókòó ní oṣù tí ń bọ̀. N ó dìde, n ó sì sọ fún wọn pé mo gba ọwọ́ tí mo nà padà. Ohun tí mo sì fẹ́ ni pé kí a wó ògiri tí ó wà láàárín yàrá méjèèjì, kí ẹni tí ó bá fẹ́ dé ìdí ẹ̀rọ lésà gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì bàbá kọjá. N kò mọ̀ bí wọn yóò ti gbà á, nítorí pé a ti fi owó ilé náà sínú ìṣirò. Ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú yín, tí àwọn oníṣòwò ń mú ìwé wá bá pé kí ẹ ra irú ẹ̀rọ yìí, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yín bóyá ó ṣì ní kàfíńtà kan. Bí kò bá ní, ẹ wá a kí ẹ tó ra ẹ̀rọ.

Àpótí náà nìyí. Ẹ fi ọwọ́ kan igun rẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti fà á tu. Èyí tí ó kọ́kọ́ tú wà nínú àpò mi yìí, mo kó gbogbo pákó rẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè tò ó pọ̀, kí ó gbé e sókè, kí ó sì rí ohun tí àwọn àlejò wa rí.